Ọkọ̀ Aláwọ̀ Ọsàn Tí Delmer Ń Wá

Ogójì ọdún ni Delmer ọkọ mi fi wá ọkọ̀ yìí káàkiri Ohio.

Ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n kun irú rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, pẹ̀lú ìlà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lónìí, a bá a nínú abà kan. Ẹsẹ̀ ń ro mí.

Delmer ń fọwọ́ pa ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ìyá Wanda, ṣé àwọ̀ ọsàn ni?"

"Ọsàn tó pọ́n dáadáa ni."

"Ìlà dúdú ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

Ẹni tó ń tà á sọ sí mi létí pé, "Màmá, mo sọ fún yín pé mo ti kùn ún ní funfun."

Mo ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́. Ọdún kẹfà rèé tí ojú Delmer ti fọ́.

Delmer rẹ́rìn-ín. "Ìyá Wanda, o ò mọ irọ́ pa. Ìlà yẹn máa ń ga lábẹ́ ìka, ṣùgbọ́n ara èyí tẹ́jú."

Ó mí kanlẹ̀.

"Jẹ́ ká rà á. Ó ti rẹ èmi náà."