Etí Tí Ogun Bà Jẹ́

"Bàbá, ẹ gba búrọ́ọ̀ṣì!" Díákónì Wiebe ń pín in kiri ṣọ́ọ̀ṣì, torí ọ̀la ni àwa ará Họ́láǹdì tó wà ní Míṣígàn máa fọ títì kí ayẹyẹ òdòdó tó bẹ̀rẹ̀.

"Mo wà dáadáa, o ṣé," ni Bàbá, ológun àtijọ́, dáhùn.

Aaltje, ìyàwó Bàbá, mí kanlẹ̀. "Wiebe, fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Wọn ò tíì pé ọdún kan nílẹ̀ yìí tí Amẹ́ríkà fi kó wọn lọ sógun. Ìró ìbọn àgbá ló sọ wọ́n dadití. Ogójì ọdún rèé tí mo ti ń pariwo!"

Ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Ní ìjókòó kẹta lẹ́yìn wọn, opó kan rọra tú bébà ara súìtì míńtì.

Bàbá ò wẹ̀yìn. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

Aaltje wo ọwọ́ náà títí. Ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù lọ lé e.