Pósí Ìyá Lásún

Lọ́dún 2006, kò sí ẹni tó ń gbọ́ rédíò láti Mowe dé Ifo tí kò mọ̀ pé ìyá Lásúnkànmí olórin ti kú. Olórin náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Àwo méjì tó kọ́kọ́ ṣe, àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan ló rà á, àwọn náà ò sì gbọ́ ọ tán. Ìgbà tó gbé “Pósí Màmá” jáde ni ayé tó mọ̀ ọ́n: orin ìyá tó fi gàrí tọ́ ọmọ, tó sì dágbére fáyé nígbà tó ku ọ̀la kí ọmọ lówó. Orin kan ṣoṣo yìí ló fi gba àmì-ẹ̀yẹ mẹ́rin, ọkọ̀ méjì, àti ilé kan ní àdúgbò OPIC. Bó bá ti dé ẹsẹ kejì lórí ìtàgé, omijé á bọ́. Omijé náà kì í yá, kì í sì í pẹ́.

Ọmọ́títí ló ń kọ ìwé nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Sátidé ni wọ́n fẹ́ kó o jáde ní Ibafo, gbogbo rẹ̀ sì ti pé, àfi àwòrán sàréè ìyá náà. Lásún ní ẹ̀dùn ọkàn ò jẹ́ kóun lè júwe ibẹ̀. Ọ̀gá Ọmọ́títí ò ní ẹ̀dùn ọkàn kankan ní tirẹ̀.

“Tí kò bá sí sàréè, kò sí ìwé,” ló wí. “Tí kò bá sí ìwé, má wulẹ̀ wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè.”

Ọmọ́títí gbé kámẹ́rà, ó gba Ifo lọ, ó sì béèrè títí tó fi dé ilé bàbá Lásún. Ìyá arúgbó kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ́títí kúnlẹ̀.

“Ẹ káàsán, mà. Ìwé Bọ̀ọ̀dá Lásún ni mò ń kọ. Sàréè màmá wọn ni mo wá yà.”

Ọwọ́ ìyá náà dúró nínú ẹ̀wà. “Òun ló ní kí o wá?”

“Rárá, mà. Wọn ò tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹkún ni wọ́n ń sun.”

“Ó máa ń sunkún lóòótọ́. Láti kékeré ni. Bó bá ti fẹ́ nǹkan.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, mà?”

“Èmi ni mò ń bá a tọ́jú ilé.”

Rédíò onígbàjámọ̀ tó wà níwájú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin náà. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti ń gbé pósí tó ń dán wọ ilẹ̀, ìyá náà pòṣé.

“Mùsùlùmí, pósí! Aṣọ funfun ni wọ́n fi ń sin tiwa.”

Ọmọ́títí kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìfẹ́ ìyá pọ̀ lọ́kàn Lásún débi pé ó ra pósí fún Mùsùlùmí.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, níbo ni sàréè náà wà? Bí mi ò bá rí i yà, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn.”

“Ìyá tìrẹ ńkọ́?”

“Wọ́n ti kú lọ́dún tó kọjá, mà, ní Mowe. Orin yìí la kọ nígbà tí wọ́n ń gbé pósí wọn wọlẹ̀.”

 Ìyá náà gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó dìde, ó sì mú un lọ sẹ́yìnkùlé.

Pèpéle gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi àṣẹ́kù táìlì funfun tẹ́. Páìpù dúdú kan dúró lórí rẹ̀.

“Ya èyí tí o bá fẹ́ yà,” ìyá náà wí.

“Páìpù yìí ńkọ́, mà?”

“Ti afẹ́fẹ́ ni.”

Ọmọ́títí kọ ọ́ pé àwọn ará Ifo kì í dínà afẹ́fẹ́ mọ́ òkú wọn. Òórùn kan ń fẹ́ wá, ó sì dá a lójú pé gọ́tà ni. Ó ya àwòrán mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí ló rántí ìyá tirẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí táìlì náà, ó sì bú sẹ́kún. Ẹkún tòótọ́ nìyí, kò dúró de ẹsẹ kejì.

“Dìde níbẹ̀,” ni ìyá náà wí. “Dìde, ọmọ mi. Má kúnlẹ̀ síbẹ̀.”

Ó fi ìborùn rẹ̀ nu ojú ọmọ náà, ó nu eruku orúnkún rẹ̀, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ́títí dúpẹ́ dúpẹ́. Ó ti dé etí títì kó tó rántí pé òun gbàgbé bíró sẹ́yìnkùlé, ló bá padà síbẹ̀. Ìyá náà ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kẹ́yìn sí i, ó gbé fóònù sétí.

“Lásúnkànmí, wọ́n ti ya sàréè mi o,” ló ń wí, “ṣùgbọ́n rán àwọn tó ń fa sọ́kàwéè wá kó tó di Sátidé, ó ti kún, mi ò sì ní jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ tún kúnlẹ̀ sunkún lórí ìgbẹ́ nítorí orin tìrẹ.”