Fáìlì Ọrùn Ẹsẹ̀

"Mo tún dá fáìlì yẹn padà," ni Verlene wí.

Òun ni ọ̀gá wa ní ilé ìwòsàn kan ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ń sọ ìwé dókítà di kóòdù, ìyẹn àmì tó dúró fún àìsàn kọ̀ọ̀kan, fún àwọn adójútòfò tí ń san owó ìtọ́jú.

Gwenda, ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú aláìsàn yìí. Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ. Bí kóòdù kò bá jáde lónìí, adójútòfò kò ní fọwọ́ sí i."

"Dókítà kọ pé ọrùn ẹsẹ̀ ṣẹ́. Ṣé tọ̀tún ni, àbí tòsì? Kò sọ."

Gwenda pe dókítà lórí fóònù.

"Ẹ wo fọ́tò egungun," ni dókítà wí.

"Sọ fún un pé akọ̀wé kì í túmọ̀ fọ́tò," ni Verlene wí.

"Ẹ bi aláìsàn nígbà náà. Iṣẹ́ ń dúró dè mí." Dókítà pa fóònù.

"Ẹ gbọ́ ọ, ọ̀gá. Ó ní ká bi aláìsàn."

"Ṣé aláìsàn ló ń kọ ìwé àyẹ̀wò ni? Ohun tí dókítà kò bá kọ, kò ṣẹlẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ yín."

"Ìrora ń pa aláìsàn náà."

"Mo mọ̀."

Gwenda dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì rọra ti ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá wa, èyí tí wọ́n fi báńdéèjì dì dé orúnkún.

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ yín nìyí. Tòsì ni."

Verlene wo ẹsẹ̀ náà, ó gé ètè jẹ.

"Èmi náà rí i," ó wí. "Ṣùgbọ́n dókítà kò tíì kọ ọ́."