Ẹni Tí Wọ́n Tì Sóde

Fálétí já ìkànnì ìròyìn gbà lọ́wọ́ Àyọ̀ká, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọn sóde títí Àyọ̀ká fi kú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nínú ọ́fíìsì tó jẹ́ ti Àyọ̀ká tẹ́lẹ̀, Dérìn tó ń bá Fálétí tún ìkànnì náà ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní:

“Ẹ̀gbọ́n, àkọsílẹ̀ tí ètò aṣọ́nà, èyí tó ń dá ẹni tí kò gbọdọ̀ wọ ìkànnì padà, ń kó pamọ́ ti pọ̀ jù. Àyọ̀ká ló ń kanlẹ̀kùn lójoojúmọ́.”

“Òkú wo? Ṣé o ti mu ẹmu ni? Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́! Ó ń fi àyè ṣòfò.”

Dérìn pa á rẹ́. Ohùn rẹ̀ yí padà.

“Ẹ̀gbọ́n, àṣẹ tẹ́ ẹ fi tì í sóde wà nínú ẹ̀ o, ó ti bá a pa rẹ́. Ilẹ̀kùn ti ṣí fún un.”

Àga tí Àyọ̀ká máa ń lò tẹ́lẹ̀ dún lẹ́yìn wọn, bí ìgbà téèyàn jókòó. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ wọlé mọ́ sì yọ lójú kọ̀ǹpútà: Fálétí.