Àpò Òkúta Méjì

Bí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé òkun wà lábẹ́ oko yín, kí lẹ máa ṣe? Florence, opó kan ní Komu, rẹ́rìn-ín ni. Ìdí ìkòkò ògì ló wà lọ́jọ́ náà, lọ́dún 1977, tó ń da omidùn kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Cornelius, tí ìjọba rán wá láti yẹ òkúta ilẹ̀ wò, tó sì wọ̀ sí ilé rẹ̀, ló sọ ọ̀rọ̀ náà.

"Òkun? Ní Komu níbí? Bàbá Fàtímọ̀, ṣé ẹ gbọ́?"

Ràmọ́nì, tí oko rẹ̀ bá ti Florence pààlà, ni Cornelius gbà síṣẹ́ kó máa bá òun gbẹ́ kòtò. Ó jókòó sẹ́bàá ògiri, ó ń pọ́n àdá.

"Mo gbọ́. Ẹja ni ká máa wá lábẹ́ ebè báyìí, ká fi iṣu sílẹ̀."

Cornelius kò bínú. Ó ní kí Florence wo ìdí ìkòkò rẹ̀. Bí ògì ṣe ń rọra rì sísàlẹ̀ tí omi sì ń dá lókè, bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ àti ẹfun ṣe rì sísàlẹ̀ òkun náà láyé àtijọ́, ìpele lórí ìpele. Nígbà tó yá, ilẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún òkun àti èyí tó wà lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra, díẹ̀díẹ̀, débi pé ẹni tó bá dúró lórí wọn kò lè mọ̀. Ó fa ẹní kan sún mọ́ ara rẹ̀, ó ti etí rẹ̀ méjèèjì síra wọn. Ẹní náà ká jọ, ó gbé àárín sókè. Òkun pa dé, ni Cornelius wí. Ooru inú ilẹ̀ se ẹfun ìsàlẹ̀ rẹ̀ jinná, ó di òkúta funfun.

"Ta ló wà níbẹ̀ tó rí i?" ni Florence bi í.

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Òkúta ló ń rojọ́ ara rẹ̀."

Ó wá fi kún un pé ibi tí òkúta funfun náà bá ti jáde, iléeṣẹ́ kan máa wá gba ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n á máa fọ́ ọ fún ilẹ̀ ilé àwọn olówó. Ẹ̀rín tán lẹ́nu Florence. Oko tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ ni òun àti Ọmọ́bọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń jẹ.

Lọ́jọ́ tó kan oko Florence àti ti Ràmọ́nì, ibà dá Cornelius dùbúlẹ̀. Ràmọ́nì nìkan ló lọ. Ó gbẹ́ kòtò kan ní oko Florence àti ọ̀kan ní oko tirẹ̀, ó bo méjèèjì padà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó sì ru àpò òkúta méjì wálé. Ó ti so páálí tí Cornelius kọ nọ́ńbà sí mọ́ wọn lọ́rùn: keje fún oko Florence, ẹ̀kẹjọ fún tirẹ̀. Florence bu oúnjẹ fún un. Kò jẹ ẹ́. Ó ní orí ń fọ́ òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Florence ṣe ń gbálẹ̀, ó tú àpò keje wò. Funfun báláú. Ó tú ẹ̀kẹjọ. Òkúta dúdú lásán. Ó dúró fún ìgbà tí èèyàn fi lè gba Àdúrà Olúwa tán, ṣùgbọ́n kò gbà á. Ó pààrọ̀ páálí méjèèjì, ó sì lọ po ẹ̀kọ gbígbóná fún aláìsàn inú yàrá.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, katakata wọ oko Ràmọ́nì. Òkúta funfun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Florence ro ó títí, ó rí àlàyé kan fún ara rẹ̀: òkun kò mọ ààlà oko, abẹ́ oko méjèèjì ló gbà kọjá, oko tòun ni wọn ì bá sì kọ́kọ́ gbẹ́. Àlàyé náà kò fún un ní oorun.

Ohun tó ń pa á ni pé Ràmọ́nì kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ní káwọn lọ dínà mọ́ iléeṣẹ́ náà, òun ló dá wọn dúró.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọlọ́run mọ oko tó gbà."

Ó lọ tọrọ ilẹ̀ dá lọ́nà Ìgbòjaye, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, á ṣa mẹ́wàá tó dára jù, á gbé e wá fún Florence. Kì í wò ó lójú.

"Bàbá Fàtímọ̀, ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín lọ, ẹ̀yin náà lẹ tún ń fún mi?"

"Ẹ gbà á, Ìyá Ọmọ́bọ́lá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kọ́rọ̀ pọ̀."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìjọ bá dé ibi "dárí ẹ̀ṣẹ̀ wa jì wá", ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ó wá ṣèlérí fún Ọlọ́run pé bí Ọmọ́bọ́lá bá jáde níléèwé àwọn olùkọ́, òun á jẹ́wọ́ fún Ràmọ́nì. Ọmọ́bọ́lá jáde lọ́dún 1984. Florence ní òjò ti pọ̀ jù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ní àwọn Mùsùlùmí ń gbààwẹ̀, kò yẹ kóun ba bàbá náà nínú jẹ́.

Lọ́dún 1986, Ràmọ́nì sọ iṣu kalẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó sì yí kẹ̀kẹ́ padà. Florence di kẹ̀kẹ́ náà mú.

"Ẹ jókòó, Bàbá Fàtímọ̀."

"Kí ló dé? Àbí èyí tí mo kó wá lọ́dún tó kọjá ló rà?"

"Èmi gan-an ni mo rà, bàbá."

Ó kúnlẹ̀. Ó sọ ọ́ láìfi kan pe méjì: pé nínú àpò tòun ni òkúta funfun wà, pé òun ló pààrọ̀ páálí, pé òun ló sọ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ di ihò. Kò sunkún. Ó ti sun ún tán láti ọjọ́ yìí wá.

Ràmọ́nì fọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Nọ́ńbà wo lẹ bá lọ́rùn èyí tó funfun?"

"Keje. Tèmi ni."

Ni àgbàlagbà náà bá sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó kúnlẹ̀ kọjú sí i.

"Oko tèmi ni mo ti gbẹ́ òkúta funfun náà, Ìyá Ọmọ́bọ́lá, ọwọ́ ara mi ni mo fi so nọ́ńbà tiyín mọ́ ọn," ni ohun tí Ràmọ́nì sọ, lọ́jọ́ tí Florence mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.