Kíámọ́sá àti Àṣìṣe Tí Kò Wá Ìdí Rẹ̀

Iṣẹ́ ò le lọ́wọ́ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Sùúrù ni kò ní. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń kọ fún àwọn ọsibítù. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ètò náà, kò ní béèrè ohun tó bà á jẹ́. Á yí ibí, á tẹ ọ̀hún, títí wàhálà á fi rọlẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì sọ ọ́ ní Kíámọ́sá, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i bí ẹni pé oyè ni.

Ní ọsibítù kan, ètò tó kọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àkọsílẹ̀ aláìsàn kan sábẹ́ orúkọ ẹlòmíì. Oògùn tí ara oníkálukú kọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Kíámọ́sá jókòó tì í, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́. Ọ̀gá yìn ín. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bi í pé èwo gan-an nínú ohun tó yí ló tún àṣìṣe náà ṣe.

"Èmi ò mọ̀," ló fèsì. "Ṣebí ó ti dákẹ́?"

Obìnrin náà ní kí àwọn dá gbogbo rẹ̀ padà, kí àwọn máa yí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn sì máa dán an wò títí àwọn á fi rí gbòǹgbò rẹ̀. Kíámọ́sá rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ìyàwó ni wọ́n fẹ́ fẹ́ tí wọ́n á fi máa wádìí ìdílé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di.

Ó pẹ́ díẹ̀, nọ́ọ̀sì kan pè é láti ọsibítù náà. Ó ní wọ́n gbé ìyá àgbàlagbà kan wọlé tí kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọmọge ni kọ̀ǹpútà ń pè é. Ó béèrè bóyá kí àwọn gba ìyókù àkọsílẹ̀ náà gbọ́.

Ó yẹ kí ara fu ọkùnrin yìí. Àmọ́ ebi ń pa á, oúnjẹ sì ti wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ yí ọjọ́ orí ẹ̀, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ," ló wí. "Ìyókù ò ní wàhálà."

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tó sì ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kò tilẹ̀ béèrè orúkọ ìyá náà. Nọ́ọ̀sì gbà á gbọ́, torí òun ló kọ ètò yẹn. Àkọsílẹ̀ ọmọge ò ka oògùn kankan léèwọ̀, ni wọ́n bá gún ìyá lábẹ́rẹ́.

Kò tíì jẹun tán tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi pè é pé ìyá àwọn dákú, pé àwọn aládùúgbò ti gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tó gbọ́ ọsibítù tó jẹ́, ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó sáré lọ síbẹ̀. Kó tó débẹ̀, ọ̀fun ìyá ti wú, èémí ò rọ́nà gbà mọ́, wọ́n sì ti fi aṣọ bò ó lójú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sunkún, ó ń béèrè pé ṣé wọn ò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn ò bá ara ìyá òun mu ni.

"Ara fu wá, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. "A pe ẹni tó kọ ètò náà. Òun ló ní ká máa bá a lọ."

"Èmi ni," ni Kíámọ́sá sọ, kò lè gbójú sókè.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹjọ́ sì dé. Ìyẹn ò dùn ún tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n jọ sin ìyá tó bí wọn, ṣùgbọ́n obìnrin náà ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká fi kọ́gbọ́n. Ẹni tí kò mọ ohun tó ba nǹkan jẹ́ kò tíì tún un ṣe, ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Bá a bá sì bo ewu mọ́lẹ̀, a ò lè yan ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ẹ fara balẹ̀ wádìí, ẹ gba ìmọ̀ràn ẹni tó ń béèrè ìbéèrè. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, kì í sì í jí òkú.