Télọ̀ Tó Ní Òun Ti Borí Àìsàn Ìdílé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìparí. Ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ lágbedeméjì ti ṣe ohun tí télọ̀ yìí ṣe gan-an.

1. Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àìsàn tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti wọ òun náà lára, ìka rẹ̀ sì ti kú tipiri. Àfi bí oògùn RNA ṣe dé, abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta!

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un. "Bàbá, pátánì kan wà nínú ara yín, bí èyí tí ẹ fi ń gé aṣọ, ó ti wọ́ látìgbà tí wọ́n ti bí yín. RNA ni ìránṣẹ́ tó ń gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀ tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe èròjà burúkú tó ń ba iṣan yín jẹ́. Oògùn yìí á dá ìránṣẹ́ náà lọ́nà, á fà á ya. Àmọ́ pátánì ṣì wà níbẹ̀ o."

"Háà! Ẹ̀yin náà kúkú mọ iṣẹ́ télọ̀!"

2. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Kí ọdún tó yí po, igbe ta ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ìyàwó mi, sáré wá! Mo ti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́!"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ rọra, kí ẹ má fi gún mi lójú!"

3. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ tún pé, aṣọ oníbàárà sì kún ilẹ̀.

"Bàbá wọn, òní ni ti ilé ìwòsàn o."

"Ta ló ń ṣàìsàn? Aṣọ tí mo bá ti tú, ṣé ó tún máa ń rán ara rẹ̀ padà ni?"

"Nọ́ọ̀sì ní pátánì ò tíì kúrò."

"Pátánì tí kò rí ẹni gé e, pépà lásán ni!"

Kò lọ. Nígbà tó tún yí po, kò lọ. Nọ́ọ̀sì pè é lórí fóònù títí, Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n sọ pé òun rìnrìn àjò.

4. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ẹ̀wù kóòtù oníbàárà kan tó dúró dè é, ó ń dápàárá. Oníbàárà náà fínmú.

"Ọ̀gá, kí ló ń jó?"

"Kò sí nǹkan tó ń jó."

"Ọ̀gá! Ọwọ́ yín ni!"

Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló wà lórí ọwọ́ òsì rẹ̀ yẹn, kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Ó sáré dé ilé ìwòsàn. "Nọ́ọ̀sì mi, ẹ gún mi ní méjì lẹ́ẹ̀kan náà!"

"Bàbá, ọ̀kan náà ni. Á dáàbò bo iṣan tó kù. Èyí tó ti bà jẹ́, mi ò lè ṣèlérí pé á padà."

Ó wà láàyè, a dúpẹ́. Àmọ́ ẹlòmíì ló jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, oògùn tuntun yìí yani lẹ́nu, ó dùn mọ́ni! Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oògùn ló ń fa gbòǹgbò àìsàn tu. Òmíràn, ẹnu ọ̀nà ló ń ṣọ́. Tí ara bá yá, ẹ bi dókítà kí ẹ tó dáwọ́ dúró. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.